Lóònù Báńkì Tó Wọ́ Sílẹ̀: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Kó Tó Pé Àádọ́rùn-ún Ọjọ́

Báńkì kì í bínú. Ọjọ́ ló ń kà. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì tí owó oṣù kan kò wọlé ni kọ̀ǹpútà wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Iye ọjọ́ yẹn ló ń sọ ẹni tí yóò pè yín, ohùn tí yóò fi bá yín sọ̀rọ̀, àti ohun tó láṣẹ láti gbà fún yín. Ọ̀pọ̀ onígbèsè ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n wà. Wọ́n á máa bẹ akáńtì ọ́físà, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń bójú tó lóònù wọn, fún ohun tó ti kúrò níkàáwọ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n pa fóònù títí ọ̀rọ̀ á fi dé ọwọ́ lọ́yà, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ojú ewé kan ní ọ̀sẹ̀ kejì ì bá ti yanjú rẹ̀.

Lóònù Nàìjíríà là ń sọ níbí, èyí tí ẹ yá lọ́wọ́ báńkì tó ní ìwé àṣẹ CBN: báńkì ńlá, báńkì microfinance tàbí báńkì tó ń yáni lówó ilé.

Ọjọ́ mélòó lẹ wà?

Ní báńkì ńlá, ìlànà tí CBN gbé jáde lọ́dún 2010 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Tó bá ti pé 90 ọjọ́ tí ojú owó (owó tí ẹ yá gan-an, láìka èlé) tàbí èlé kò wọlé, wọ́n á kọ lóònù náà sábẹ́ èyí tó ti bàjẹ́, báńkì sì gbọ́dọ̀ ya 10% rẹ̀ sọ́tọ̀ láti inú èrè tirẹ̀. Tó bá di 180 ọjọ́, 50% ni. Tó bá kọjá 360 ọjọ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Báńkì microfinance kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ 31 ni tiwọn ti bàjẹ́, tó bá sì ti kọjá 90 ọjọ́, owó tó sọnù ni wọ́n kà á sí. Bó bá jẹ́ microfinance lẹ jẹ lówó, ẹ má dúró de oṣù kejì rárá.

Kí ló kàn yín nínú èrè báńkì? Òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kó tó pé 90 ọjọ́, fáìlì yín ṣì wà ní ẹ̀ka tí ẹ ti yáwó. Akáńtì ọ́físà tó gbé lóònù náà wọlé kò fẹ́ kó bàjẹ́ lórúkọ òun, nítorí òun ni wọ́n máa kọ̀wé bi léèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé ìwé gidi fún un, yóò bá yín gbé e dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí lóònù. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, fáìlì á kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀ka tó ń gba gbèsè ní olú ilé-iṣẹ́. Àwọn yẹn kò mọ̀ yín rí. Ṣùgbọ́n wọ́n lágbára ohun tí akáńtì ọ́físà kò ní: wọ́n lè gé owó kúrò. Ìdí ni pé èlé tó ń gun orí lóònù tó ti bàjẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni báńkì ń kó o sí, kò lè kà á mọ́ èrè. Èyí tí kò tíì kà mọ́ èrè kò dùn ún púpọ̀ láti fi sílẹ̀. Nítorí náà, kó tó pé 90 ọjọ́, àkókò ni kí ẹ béèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dínwó ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá béèrè ẹ̀dínwó lọ́jọ́ 20 á kàn gba "rárá" bọ̀ ni.

Orí owó oṣù tó pẹ́ jù tí ẹ kò tíì san tán ni wọ́n ti ń ka ọjọ́. Bí ẹ bá jẹ oṣù mẹ́ta, tí ẹ san ti oṣù kan tán pátá, òǹkà ọjọ́ náà á fà sẹ́yìn ní nǹkan bí 30 ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jù ₦5,000 sí i lónìí, ₦3,000 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí oṣù àkọ́kọ́ kò sì kún, ọjọ́ ń lọ ní tirẹ̀. Ó sàn kí ẹ kó kékeré náà jọ kó pé owó oṣù kan kí ẹ tó san án.

Ìwé tí ẹ ó gbà àti ohun tí ẹ ó wò nínú rẹ̀

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ béèrè fún ẹ̀dà offer letter, ìyẹn ìwé àdéhùn lóònù tí ẹ fọwọ́ sí, ìwé àkọsílẹ̀ akáńtì lóònù fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tí owó ti jáde (kì í ṣe ti akáńtì tí ẹ fi ń gba owó oṣù), àti tábìlì ìsanwó oṣooṣù. Bí lóònù náà bá ní adójútòfò, ẹ gba ìwé tirẹ̀ náà.

Nínú offer letter, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. Ká ní ₦1,200,000 lẹ yá fún oṣù 12 ní 3% lóṣù. Bó bá jẹ́ pé orí gbèsè tó kù lọ́wọ́ ni èlé ń gùn, owó oṣooṣù á tó nǹkan bí ₦120,550, gbogbo èlé á sì sún mọ́ ₦247,000. Bó bá jẹ́ pé orí ₦1,200,000 ni èlé dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ₦136,000 ni lóṣù, èlé á di ₦432,000. Iye èlé kan náà, 3%, ló wà lórí ìwé méjèèjì. Ẹ fi tábìlì wọn wé èyí tó wà nínú àdéhùn. Bí wọ́n bá kọ ọ̀kan tí wọ́n sì gba èkejì, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa bá wọn jókòó sọ.

Ẹ wo ìtanràn pẹ̀lú. Bí àdéhùn bá sọ pé 1% lóṣù lórí owó tí kò wọlé, orí ₦120,550 tí ẹ jẹ ló yẹ kó wà, ìyẹn nǹkan bí ₦1,200. Bí ẹ bá rí ₦12,000 nínú àkọsílẹ̀, orí gbogbo lóònù ni wọ́n gbé e lé. Irú àṣìṣe yìí kò ṣọ̀wọ́n. CBN ní ìwé tó to gbogbo owó iṣẹ́ tí báńkì lè gbà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti January 2020; owó tí kò bá sí níbẹ̀, báńkì kò gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ tún wá ìlà tó sọ bí wọn yóò ṣe pín owó tí ẹ bá san. Ọ̀pọ̀ báńkì máa ń kọ́kọ́ mú ìtanràn, lẹ́yìn náà èlé, kó tó kan ojú owó. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń san, ń san, tí gbèsè kò lọ sílẹ̀.

Ìwé adójútòfò ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Nínú lóònù olówó oṣù àti lóònù ilé, wọ́n sábà máa ń yọ owó adójútòfò lọ́jọ́ tí lóònù bá jáde. Òmíràn ń bo ikú àti àìlera tí kò jẹ́ kéèyàn lè ṣiṣẹ́ mọ́; òmíràn ń bo kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, fún oṣù mélòó kan. Gbèdéke wà fún ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí, ẹ kà á. Ìwé pé wọ́n dá yín dúró ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kì í sábà rí i gbà. Bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá wá ń sọ pé kí ẹ "kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó má bàa dójú tì yín", ẹ rántí lóònù yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Bákan náà, bí olóògbé bá fi lóònù sílẹ̀, kí ẹbí má sáré dá owó jọ san án kí wọ́n tó wo ìwé yìí.

Ìwé tí ẹ ó kọ sí báńkì

Orí fóònù kò ní ẹ̀rí. Ìwé ni kí ẹ kọ sí máníjà ẹ̀ka, ẹ̀dà méjì. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á fi òǹtẹ̀ àti déètì lu èkejì fún yín. Ẹ fi í ránṣẹ́ lórí ìméèlì pẹ̀lú. Kó má ju ojú ewé kan lọ: nọ́ńbà akáńtì lóònù, iye tí ẹ ti san, oṣù tó wọ́, ohun tó fà á, iye tí ẹ lè san báyìí àti ọjọ́ tí ẹ máa san án, àti ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn: ìwé ìdádúró níṣẹ́, ìwé ilé ìwòsàn, àkọsílẹ̀ akáńtì oṣù mẹ́fà tó fi hàn pé ọjà ti rẹ̀yìn. Àlàyé gígùn nípa ìyà tó ń jẹ yín kò wúlò fún ìgbìmọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kà.

Nọ́ńbà tí ẹ bá dá yìí, ẹ fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ẹ mú owó tó wọlé gan-an ní oṣù mẹ́ta tó burú jù, kì í ṣe èyí tó dára jù, kí ẹ yọ owó ilé, oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìwé. Ohun tó bá kù, ẹ má dá gbogbo rẹ̀ fún báńkì. Ẹni tí wọ́n bá tún lóònù rẹ̀ tò tó tún wọ́, báńkì kì í fẹ́ tún un tò lẹ́ẹ̀kejì, fáìlì náà á sì kọjá sọ́dọ̀ agbowó-gbèsè ní kíá.

Ohun tí ẹ lè béèrè kò pọ̀. Ó lè jẹ́ kí wọ́n fa ọjọ́ gùn. Ó lè jẹ́ kí ẹ máa san èlé nìkan fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà kí ojú owó dúró ná. Ó sì lè jẹ́ kí wọ́n dín èlé kù, èyí tó ṣòro jù. Lórí àpẹẹrẹ òkè yẹn, bí ẹ bá ti san oṣù mẹ́fà, gbèsè tó kù á tó ₦653,000. Bí wọ́n bá nà án dé oṣù 12, owó oṣooṣù á bọ́ láti ₦120,550 sí nǹkan bí ₦65,600. Èlé tó lé lórí rẹ̀ á tó ₦64,000. Kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó dín ju ohun tí lọ́yà báńkì á gbà lọ́wọ́ yín lọ. Ẹ ṣọ́ra fún kí wọ́n kó ìtanràn àti èlé tó wọ́ pọ̀ mọ́ ojú owó tuntun, nítorí èlé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun èlé. Ẹ béèrè pé kí wọ́n yọ ìtanràn kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Lákòókò tí wọ́n bá ń gbé e yẹ̀ wò, tó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ máa san iye tí ẹ dá nínú ìwé. Ìyẹn ló máa ń fọhùn jù nínú yàrá ìgbìmọ̀.

Bí ẹ bá ní onídùúró, báńkì máa fẹ́ kó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun náà, torí bí wọ́n bá yí àdéhùn padà láìsọ fún un, ó lè bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ lọ bá a kí báńkì tó lọ. Gbèsè náà ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń bẹ lọ́rùn yín, wọ́n sì lè bá a ṣẹjọ́.

Akáńtì tó wà ní báńkì mìíràn

Láti August 1, 2020 ni ètò tí wọ́n ń pè ní GSI (Global Standing Instruction) ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń yáwó. Báńkì tó yá yín lówó lè gba ọ̀nà NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so gbogbo báńkì pọ̀, fa owó nínú akáńtì èyíkéyìí tó wà lábẹ́ BVN yín, ní báńkì yòówù. Ìfowópamọ́ wà nínú rẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì wà nínú rẹ̀, akáńtì dọ́là wà nínú rẹ̀, akáńtì tí ẹ jọ ṣí pẹ̀lú ẹlòmíì náà wà nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó, wọ́n á fa èyí tó bá wà. Ojú owó àti èlé nìkan ni wọ́n láṣẹ láti fà báyìí. Ìtanràn kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fa ìtanràn mọ́ ọn, ẹ kọ̀wé.

Nítorí èyí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni olùtọ́jú owó àjọ, ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tí owó wọn sì wà nínú akáńtì orúkọ yín, ẹ gbé e kúrò lónìí sínú akáńtì orúkọ ẹgbẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ owó àjọ yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti fà á tán, báńkì kò ní dá a padà nítorí pé owó ìyá Ṣadé ni.

Ọlọ́pàá, sọ̀wédowó àti àwọn agbowó

Gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Òfin Ọlọ́pàá 2020 àti òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, 2015, sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Bí ọlọ́pàá bá pè yín, ẹ lọ pẹ̀lú lọ́yà, ẹ má sì fọwọ́ sí àdéhùn ìsanwó kankan ní àgọ́ wọn.

Sọ̀wédowó ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Báńkì mìíràn máa ń gba sọ̀wédowó oṣù tó ń bọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yáwó. Bí wọ́n bá gbé e wá láàárín oṣù mẹ́ta sí déètì orí rẹ̀ tí kò sí owó, òfin ọdún 1977 lórí sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí lè rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Kí déètì náà tó dé, ẹ kọ̀wé sí báńkì pé owó kò ní sí níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè kí wọ́n má gbé e lọ. Ẹ má sì tún kọ tuntun láti fi ra àkókò, ohun yòówù kí akáńtì ọ́físà sọ.

Agbowó tí báńkì rán lè pè yín, ó lè wá sílé. Kò gbọ́dọ̀ bú yín, kò gbọ́dọ̀ halẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lọ sọ gbèsè yín fún aládùúgbò tàbí ọ̀gá yín tí kì í ṣe onídùúró. Ẹ béèrè fún ìwé tí báńkì fi yàn án. Ẹ má san kọ́bọ̀ sínú akáńtì tirẹ̀: inú akáńtì lóònù nìkan lẹ ó san owó sí. (Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tí wọ́n máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù yín bí òṣómàáló ìgbàlódé, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni kí ẹ fi ẹjọ́ wọn sùn.)

Bó bá kan ilé tàbí ìwé láti kóòtù

Bí ilé bá jẹ́ ohun ìdúró, ẹ gbé ìwé mọ́géèjì (àdéhùn tí ẹ fi ilé náà dúró fún lóònù) lọ bá lọ́yà kó tó pẹ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, òfin dúkìá ti 1959 ní kí báńkì fún yín níwèé kí oṣù mẹ́ta sì kọjá, tàbí kí èlé ti wọ́ fún oṣù méjì, kí wọ́n tó lè tà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé mọ́géèjì ni wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ pé àwọn kò ní dúró dè é, ẹ sì ti fọwọ́ sí i. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kóòtù kì í fagi lé títa ilé nítorí pé owó rẹ̀ kéré nìkan, àfi bí màgòmágó bá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé kò sí bí ẹ ṣe lè san án, ẹ kọ̀wé sí báńkì pé ẹ fẹ́ wá oníbàárà fúnra yín, kí wọ́n fún yín ní 90 ọjọ́. Ilé tí onílé tà máa ń mú owó wá ju èyí tí gbàǹjo tà lọ.

Ìwé kóòtù kò ṣeé fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní Èkó, kóòtù tó ń gbọ́ ẹ̀sùn gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún yín láti fèsì. Bí ẹ kò bá yọjú, ìdájọ́ á jáde lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá jẹ gbèsè náà lóòótọ́, ẹ gbà á nínú èsì yín, kí ẹ sì bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀dínwó

Lẹ́yìn 90 ọjọ́, pàápàá tó bá ti kọjá ọdún kan, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka agbowó-gbèsè. Ẹ dá iye kan tí ẹ lè san lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé ni ìtanràn, lẹ́yìn náà èlé tó gùn ún láti ìgbà tó ti bàjẹ́. Ojú owó ni wọ́n máa ń dì mú. Oṣù tó kẹ́yìn ọdún ni wọ́n sábà máa ń gbọ́ràn jù, nítorí December 31 ni wọ́n ń pa ìwé ọdún dé. Ẹ má san kí lẹ́tà tó dé, lẹ́tà olú ilé-iṣẹ́ tó sọ ní kedere pé iye yìí ni wọ́n gbà fún gbogbo gbèsè náà, pé kò sí ìyókù. Láìsí gbólóhùn yẹn, owó tí ẹ san á di ìdá kan lára gbèsè lásán.

Bí báńkì bá ń ṣe ohun tó lòdì sí àdéhùn, ẹ fi ẹ̀sùn sùn ní báńkì náà kọ́kọ́, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kọ sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng, pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn àti gbogbo ìwé yín. Láìsí nọ́ńbà náà, wọ́n á dá yín padà sí báńkì ni.

Nígbà tí ẹ bá san án tán, ẹ gba lẹ́tà pé ẹ kò jẹ báńkì náà mọ́, ìwé ilé yín, ìwé tó tú mọ́géèjì, àti gbogbo sọ̀wédowó tó kù lọ́wọ́ wọn. Ẹ dúró oṣù méjì, kí ẹ wá béèrè àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ CRC Credit Bureau, FirstCentral àti CreditRegistry, torí báńkì lè gbàgbé láti sọ fún ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí lóònù náà bá ṣì wà níbẹ̀ bí èyí tó wọ́, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà báńkì ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tún un ṣe.